Ta Ni Ó Rán Iwin Náà? Géèmù Ghostbusters, Ìtàn Ọba Mọ́rọ̀ àti Eré Àwọn Ará Yewa

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí gbé géèmù mẹ́ta tí a ṣe láti ara fíìmù Ghostbusters yẹ̀ wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàn Aláàfin Abípa, ẹni tí ìtàn mọ̀ sí Ọba Mọ́rọ̀, àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ eégún, Gẹ̀lẹ̀dé àti eré ọmọdé ní agbègbè Yewa ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ó fi hàn pé nínú ìrònú Yorùbá, iṣẹ́ ẹni tí ó mú iwin kò parí nígbà tí iwin bá wọ inú pańpẹ́. Ó parí nígbà tí a bá mọ ẹni tí ó rán an tàbí ohun tí ó ń bínú sí. Àpilẹ̀kọ náà fi ìlànà mẹ́ta lélẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ fi ìran Yewa ṣe géèmù tí tọmọdé tàgbà lè jọ ṣe nínú ilé.

1. Ìfáàrà

Ní ọjọ́ 8, oṣù kẹfà, ọdún 1984 ni fíìmù Ghostbusters jáde ní Amẹ́ríkà. Ivan Reitman ni ó darí rẹ̀; Dan Aykroyd àti Harold Ramis ni ó kọ ọ́. Ìtàn rẹ̀ dá lórí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mẹ́ta tí yunifásítì lé jáde, tí wọ́n sì sọ mímú iwin di òwò ní ìlú New York. Wọ́n gba ilé panápaná àtijọ́ kan, wọ́n fi ẹnì kẹrin kún ara wọn, wọ́n sì ń dáhùn ìpè ẹnikẹ́ni tí iwin bá ń yọ lẹ́nu. Ẹ̀rù wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni ó pọ̀ jù. Kí ọdún 1984 tó parí, ilé-iṣẹ́ Activision ti sọ ọ́ di géèmù orí kọ̀ǹpútà, àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn sì ti ṣe irú rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà náà.

Ó lè dà bí ẹni pé irú nǹkan báyìí kò kan ẹ̀kọ́ Yorùbá. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ rí. Àkọ́kọ́, Yorùbá ní ọba kan tí oríkì rẹ̀ nínú ìtàn jẹ́ ẹni tí ó mú iwin, ìtàn rẹ̀ sì ti wà nínú ìwé kí a tó mọ ohun tí ń jẹ́ géèmù orí kọ̀ǹpútà rárá. Èkejì, kò sí ibi tí eré tí a ń fi àwọn agbára àìrí ṣe ti gbilẹ̀ ju ilẹ̀ Yewa lọ, láti Ìlaró dé Ayétòrò títí dé ẹnubodè. Ẹ̀kẹta, ìlú tí ìran náà wà ni àwọn tí ó lè kọ géèmù wà. Láti ọdún 1979 ni ilé-ẹ̀kọ́ gíga Federal Polytechnic ti wà ní Ìlaró, a sì ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà níbẹ̀. Fóònù ti gbé géèmù dé ọwọ́ ọmọdé. Ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá pinnu láti ṣe géèmù iwin ti Yorùbá, àwòṣe tí yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni ti New York: ìtànṣán, pańpẹ́ àti àpótí. Ohun tí ó yẹ kí ó mọ̀ kí ó tó ṣe bẹ́ẹ̀ ni àpilẹ̀kọ yìí ń wá.

2. Iwin nínú géèmù mẹ́ta

Géèmù àkọ́kọ́, ti ọdún 1984, ni David Crane ṣe fún kọ̀ǹpútà Commodore 64. Owó ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó ń ṣe é yóò gba dọ́là 10,000 láti dá òwò sílẹ̀. Nínú owó yìí ni yóò ti ra ọkọ̀ kan nínú mẹ́rin, pańpẹ́ àti irinṣẹ́ mìíràn. Bí ilé kan bá ń tàn pupa lórí àwòrán ìlú, yóò wa ọkọ̀ lọ síbẹ̀, yóò fi ọkùnrin kan sí ọ̀tún, yóò fi ọ̀kan sí òsì, yóò sì gbé pańpẹ́ sí àárín. Ìtànṣán méjèèjì ni wọn yóò fi máa da iwin bọ̀ sórí pańpẹ́, ṣùgbọ́n ìtànṣán wọ̀nyí kò gbọdọ̀ kan ara wọn. Bí pańpẹ́ bá kún, a ó kó ohun tí ó wà nínú rẹ̀ lọ sí ilé-iṣẹ́. Bí owó tí ó wà lọ́wọ́ ẹni náà ní ìgbẹ̀yìn kò bá ju èyí tí ó fi bẹ̀rẹ̀ lọ, kò lè borí. Nínú géèmù yìí, ọjà ni iwin. Kò sí ẹni tí í bi ọjà léèrè ibi tí ó ti wá.

Ọdún 2009 ni Ghostbusters: The Video Game jáde, láti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ Terminal Reality. Aykroyd àti Ramis lọ́wọ́ sí ìtàn rẹ̀, àwọn òṣèré fíìmù náà sì fi ohùn ara wọn sí i. Ọdún 1991 ni ìtàn náà ṣẹlẹ̀; ẹni tí ó ń ṣe géèmù ni ọmọṣẹ́ tuntun tí kò ní orúkọ. Ìyàtọ̀ ńlá kan wọ inú rẹ̀: kí ọmọṣẹ́ yìí tó kọlu iwin, ó lè fi ẹ̀rọ kan yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní. Ohun tí ó bá rí yóò wọ inú ìwé kan tí a ń pè ní Tobin's Spirit Guide, níbi tí ìtàn iwin náà àti ibi tí agbára rẹ̀ kù díẹ̀ káàtó sí yóò ti hàn. Ilé-iṣẹ́ Red Fly Studio ṣe ẹ̀dà mìíràn fún ẹ̀rọ Wii ti Nintendo, tí àwòrán rẹ̀ dà bí ti eré ọmọdé, tí ènìyàn méjì sì lè jọ jókòó ṣe. Níhìn-ín, ìmọ̀ ti wọ inú iṣẹ́ náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé pańpẹ́ kan náà ni ìmọ̀ ọ̀hún ń sìn.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022 ni ilé-iṣẹ́ IllFonic gbé Ghostbusters: Spirits Unleashed jáde. Ènìyàn mẹ́rin ni yóò jẹ́ ọdẹ, ẹnì kan ṣoṣo ni yóò jẹ́ iwin. Iwin yìí lè wọ inú àga, ìgò tàbí àpótí kí ó fara pamọ́. Ó lè dẹ́rù ba àwọn tí wọ́n wà nínú ilé títí wọn yóò fi sá jáde. Àwọn ọdẹ náà kì í fi gbogbo ara lépa rẹ̀. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ dúró tu àwọn tí ẹ̀rù ti bà nínú. Bí wọ́n bá mú iwin lẹ́ẹ̀kan, ó ṣì lè padà wá, àyàfi bí wọ́n bá ti wá ibi tí ó ń gbà wọlé rí, tí wọ́n sì ti dí i pa. Láti ọdún 1984 dé 2022, nígbà náà, géèmù yìí ti rìn láti orí mímú, ó gba ibi mímọ̀ kọjá, ó dé ibi dídà: ẹni tí ó ń ṣe eré lè di iwin fúnra rẹ̀. Ibi tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé yìí ni eré Yorùbá ti bẹ̀rẹ̀.

3. Orúkọ púpọ̀, ìwà púpọ̀

Bí a bá ní kí a túmọ̀ orúkọ fíìmù yìí, ìṣòro àkọ́kọ́ ni pé Yorùbá kò ní orúkọ kan ṣoṣo tí ó gba gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Iwin ni ó kọ́kọ́ wá sí ọ̀pọ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n iwin kì í ṣe ẹni tí ó kú. Inú igbó, igi tàbí àpáta ni ilé rẹ̀, kò sì fi ìgbà kan jẹ́ ènìyàn rí. Ẹbọra lágbára jù ú lọ, a sì lè bọ ọ́. Àǹjọ̀nnú gba ọ̀nà èdè Lárúbáwá àti Haúsá wọlé. Ọ̀rọ̀ ni ẹ̀dá inú igi, tí àwọn ọdẹ máa ń bá pàdé. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu, kì í sì í ṣe orò tí a ń ṣe ní òru. Ará ọ̀run ni òkú tí ó padà wá bẹ àwọn ọmọ rẹ̀ wò nínú agọ̀ eégún. Akúdàáyà ni ẹni tí ó kú ní ìlú kan, tí a tún rí ní ìlú mìíràn, tí ó ń ṣòwò, tí ó lọ́kọ tàbí láya, tí ó sì ń bímọ.

Ohun tí ó ya orúkọ wọ̀nyí sọ́tọ̀ ni ibi tí ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan ti wá àti àjọṣe tí ó wà láàárín òun àti ènìyàn. Ìdí nìyí tí ọ̀nà tí a ń gbà bá wọn lò kì í fi í ṣe ọ̀kan. Kò sí ẹni tí í fi pańpẹ́ mú akúdàáyà. Ohun tí ó ń lé e kúrò ní ìlú ni kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n rí já lù ú, kí ó sì dá a mọ̀; láti ọjọ́ náà a kì í rí i níbẹ̀ mọ́. Ìmọ̀ ni ó ṣe iṣẹ́ tí ìtànṣán ń ṣe nínú géèmù. Ará ọ̀run, ní tirẹ̀, kì í ṣe ẹni tí a ń lé rárá. A ń kí i káàbọ̀, a ń tọrọ ọmọ àti àlàáfíà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí géèmù kan bá kó gbogbo wọn sínú àpótí kan, ó ti pa ìyàtọ̀ tí èdè Yorùbá fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́jú rẹ́.

4. Ọba tí ó mú ọ̀rọ̀

Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní ọdún 1897, ọdún 1921 ni a sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Nínú rẹ̀ ni ìtàn Aláàfin Abípa wà, ọba tí àwọn mìíràn ń pè ní Ògbólú. Àwọn Tápà ti kọ́kọ́ lé ọba àti àwọn ènìyàn rẹ̀ kúrò ní Ọ̀yọ́ Ilé. Ìgbòho ni olú-ìlú wà nígbà tí Abípa gorí ìtẹ́. Ọba yìí fẹ́ padà sí Ọ̀yọ́ Ilé. Àwọn ìjòyè kò fẹ́, nítorí pé Ìgbòho ti bá wọn lára mu. Wọn kò lè kọ ọ̀rọ̀ ọba sílẹ̀ ní gbangba, nítorí náà wọ́n dá ọgbọ́n kan.

Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ọba ń rán ènìyàn lọ yẹ ilé àtijọ́ wò, kóówá wọn wá ẹnì kan: abuké, àfín, adẹ́tẹ̀, aràrá, arọ. Wọ́n fi wọ́n ránṣẹ́ ní ìkọ̀kọ̀ sí orí òkè kan ní Ọ̀yọ́ Ilé, kí wọ́n máa gbé iná kiri ní òru, kí wọ́n sì máa kígbe pé àyè kò sí fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ́. Àwọn ìránṣẹ́ ọba rí wọn, ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n padà wá ròyìn pé ọ̀rọ̀ ti gba ìlú. Ṣùgbọ́n àṣírí náà tú sí ọba lọ́wọ́. Ó rán àwọn ògbójú ọdẹ lọ, wọ́n sì kó àwọn “ọ̀rọ̀” náà wá láàyè. Láti ìgbà náà ni Abípa ti di Ọba Mọ́rọ̀, ọba tí ó mú ọ̀rọ̀.

Ohun tí ọba ṣe lẹ́yìn náà ni ó ṣe pàtàkì jù. Kò pa àwọn tí a mú, kò sì jù wọ́n sẹ́wọ̀n. Ó pe àwọn ìjòyè síbi àsè. Nígbà tí ó tó àkókò láti gbé ọtí, “ọ̀rọ̀” kọ̀ọ̀kan ni ó gbé igbá jáde lọ́wọ́, ó sì lọ gbé e ka iwájú ìjòyè tí ó rán an. Ọba kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Olúkúlùkù rí ẹni tirẹ̀, olúkúlùkù sì mọ̀ pé ọba ti mọ̀. Ìrìn-àjò padà sí Ọ̀yọ́ Ilé kò ní alátakò mọ́.

Ọ̀nà méjì ni ìtàn yìí gbà yàtọ̀ sí ti New York. Nínú géèmù, ẹni tí ó mú iwin ti ṣe tán. Ní ọ̀dọ̀ Ọba Mọ́rọ̀, mímú jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè tí ó wà nídìí rẹ̀ ni ti ẹni tí ó rán an, àsè ni ó sì dáhùn rẹ̀. Ọ̀nà kejì kò dùn mọ́ni létí. Àwọn tí a sọ di ọ̀rọ̀ jẹ́ ènìyàn tí ara wọn yàtọ̀, àwọn tí Yorùbá ń pè ní ẹni òrìṣà, tí a sì gbà pé Ọbàtálá ni ó ni wọ́n. Àwọn ìjòyè mọ̀ pé ojú tí ìlú fi ń wo irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ní òru yóò ṣe iṣẹ́ fún wọn. Ìtàn náà, nígbà tí a bá kà á dáadáa, jẹ́ ẹ̀rí pé “iwin” lè jẹ́ orúkọ tí alágbára fún aláìlágbára kí ó lè rí i lò.

5. Ojú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí òkun: dídi ará ọ̀run

Joel Adedeji, onímọ̀ nípa eré orí ìtàgé, tọpa eré Alárìnjó dé ibi ìtàn yìí gan-an. Gẹ́gẹ́ bí àlàyé rẹ̀, Ológbìn Ológbojò, tí ó wà lára àwọn ará ààfin, ni ó lọ́wọ́ sí títú àṣírí náà, òun náà ni a sì kà sí baba ńlá eré tí eégún onídán ń ṣe. Bí a bá gba àlàyé yìí, a jẹ́ pé ara iwin tí a mú ni eré ti jáde: àwọn tí ó ṣe bí ọ̀rọ̀ láti tan ọba jẹ ni ó ṣí ọ̀nà fún àwọn tí ó ṣe bí ọ̀rọ̀ láti dá ọba lára yá.

Ọ̀nà tí ó gbé irú eré bẹ́ẹ̀ dé ilẹ̀ Yewa kò ṣòro láti rí. Nígbà tí Ọ̀yọ́ ń bá àwọn òyìnbó ṣòwò ní etí òkun, ọ̀nà Àgbádárìgì àti Àjàṣẹ́ gba ilẹ̀ Ẹ̀gbádò kọjá, àwọn ará Ọ̀yọ́ sì tẹ̀dó sí ojú ọ̀nà náà. Ẹ̀gbádò ni orúkọ tí àwọn ará Yewa ń jẹ́ títí di ọdún 1995. Hugh Clapperton, arìnrìn-àjò ará Bìrìtìkó, gba Ìjànnà ní ilẹ̀ yìí kọjá nígbà tí ó ń lọ sí Ọ̀yọ́ ní òpin ọdún 1825. Nígbà tí ó dé Ọ̀yọ́ ní ọdún 1826, eré kan wáyé níwájú Aláàfin. Ó rí àwọn tí ó ń jó nínú àpò, ó rí ère tí ó ń wọ́ nílẹ̀, ó sì rí eégún funfun kan tí ó ń fi ìrìn àti ìṣe òyìnbó ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń wo àlejò náà bí wọ́n ti ń wo eégún. Nínú eré yìí, òyìnbó ni àjèjì tí a mú wọ inú agọ̀, tí a sì fi hàn fún ara rẹ̀.

Títí di òní ni ọmọ eégún ní Yewa mọ òfin àkọ́kọ́: a kì í ṣí eégún lójú. Gbogbo ìlú lè mọ̀ pé ènìyàn ni ó wà lábẹ́ agọ̀. Ohun tí a kò gbọdọ̀ ṣe ni kí a sọ ọ́. Ìmọ̀ yìí àti ìpamọ́ rẹ̀ ni ó sọ ọ́ di eré àti ìsìn lẹ́ẹ̀kan náà. Margaret Thompson Drewal, tí ó ṣe ìwádìí ní Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbádò, fi ìwé rẹ̀ ti ọdún 1992 ṣàlàyé pé eré kì í ṣe ohun tí a fi ṣe ọ̀ṣọ́ sí ara ètùtù. Inú eré gan-an ni ètùtù ti ń ní agbára. Ọ̀rọ̀ yìí ran àgbéyẹ̀wò géèmù lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá sọ pé eré lásán ni géèmù iwin kò tíì mọ ohun tí Yorùbá ń pè ní eré.

6. Gẹ̀lẹ̀dé: títu agbára àìrí lójú

Bí eégún ti gba ọ̀nà Ọ̀yọ́ wá, bẹ́ẹ̀ ni Gẹ̀lẹ̀dé gba ọ̀nà Kétu wá. Kétu wà ní ilẹ̀ Benin lónìí nítorí ààlà tí Bìrìtìkó àti Faransé fẹnu kò lé lórí ní ọdún 1889, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Kétu wà ní Ìmẹ̀kọ àti ní Ayétòrò ní ìhà Nàìjíríà. A. I. Asiwaju, òpìtàn tí ó jẹ́ ọmọ Ìmẹ̀kọ, fi hàn pé orin Ẹ̀fẹ̀ jẹ́ orísun ìtàn fún ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá. Henry John Drewal, tí òun àti Margaret Thompson Drewal jọ kọ ìwé lórí Gẹ̀lẹ̀dé ní ọdún 1983, kọ́ṣẹ́ igi gbígbẹ́ lọ́dọ̀ Ògúndípẹ̀, agbẹ́gilére kan ní Ìlaró. Babatunde Lawal náà gbé ìwé tirẹ̀ lórí ìran yìí jáde ní ọdún 1996. UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dé gẹ́gẹ́ bí ogún àtẹnudẹ́nu pàtàkì ní ọdún 2001, ó sì fi í sínú ìwé àkọsílẹ̀ ogún gbogbo àgbáyé ní ọdún 2008, ní orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Togo.

Agbára tí Gẹ̀lẹ̀dé dojú kọ ni ti àwọn ìyá wa, agbára tí ó lè fún ìlú lọ́mọ, tí ó sì lè gbà á padà. Kò sí ẹni tí ó ń gbèrò láti mú wọn. Ọ̀nà tí a gbà ni pé kí a tù wọ́n lójú. Ní òru, Ẹ̀fẹ̀ yóò jáde sí ọjà, yóò júbà, lẹ́yìn náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin ẹ̀fẹ̀ nípa ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú: olè, alágbèrè, olóṣèlú tí ó ṣèlérí tí kò mú un ṣẹ. Ní ọ̀sán, àwọn ìbòjú yóò jáde ní méjì méjì, wọn yóò jó bí ìlù bá ti pè wọ́n. Lórí igi tí a gbẹ́ ni a ó ti rí ẹyẹ, ejò, ọlọ́jà, alùpùpù, ọkọ̀ òfuurufú. Ohunkóhun tí ó bá dé ìlú ni ó lè gun orí Gẹ̀lẹ̀dé. Ọkùnrin ni ó ń jó nínú ìbòjú, títí kan ìbòjú obìnrin. Àwọn ìyá ni a sì ń jó fún. Ọmọdé, àgbà, ọkùnrin, obìnrin, gbogbo wọn ni ó pé jọ. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú tí ó bá ti rí Gẹ̀lẹ̀dé ti rí òpin ìran.

Níbi yìí ni a ti lè mọ ohun tí ó mú eré iwin yẹ fún gbogbo ìdílé. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ohun tí a sábà máa ń ṣe ni pé kí a dín ẹ̀rù kù: kí ẹ̀jẹ̀ má ṣàn, kí iwin rí bí ohun ìṣeré. Gẹ̀lẹ̀dé kò dín agbára àwọn ìyá kù rárá. Ó fi ọ̀wọ̀ àti ẹ̀rín yí ẹ̀rù náà ká, ó sì pe gbogbo ìlú láti jẹ́rìí sí i. Ọmọdé lè wà níbẹ̀ nítorí pé àgbà wà níbẹ̀, àti nítorí pé gbogbo ènìyàn mọ òfin.

7. Bojúbojú: ìwọ lónìí, èmi lọ́la

Ẹni tí ó bá fẹ́ rí géèmù mímú tí ó kéré jù lọ nínú àṣà Yorùbá, kí ó wo Bojúbojú, eré òṣùpá tí àwọn ọmọdé ń ṣe jákèjádò ilẹ̀ Yorùbá. Ọmọ kan yóò jókòó, yóò fi ọwọ́ bo ojú ẹlòmíràn. Orin rẹ̀ a máa kìlọ̀ fún àwọn yòókù láti lọ fara pamọ́ nítorí pé olórò wà lójú ọ̀nà. Nígbà tí gbogbo wọn bá ti sá pamọ́, a ó ṣí ojú ẹni tí a bò, yóò sì máa wá wọn kiri. Ẹni tí ó bá sáré dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó jókòó, tí ó fi ọwọ́ kàn án, ti bọ́. Ẹni tí a bá mú ni a ó bo ojú rẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ohun mẹ́ta ni ó wà nínú eré kékeré yìí. Ẹ̀rù orò, tí ó jẹ́ ohun àgbà, ti di ohun tí ọmọ lè fi sáré. Ilé ààbò wà, ẹni tí ó ń tọ́jú rẹ̀ kò sì sí nínú ẹgbẹ́ kankan. Paríparí rẹ̀, ipò ń yí: ẹni tí ó ń wá lónìí ni yóò sá pamọ́ lọ́la. Spirits Unleashed ti ọdún 2022 sún mọ́ èyí nígbà tí ó jẹ́ kí ẹni tí ó jẹ́ ọdẹ lè jẹ́ iwin. Ìyàtọ̀ tí ó kù ni pé nínú Bojúbojú, kò sí ẹni tí a bí sí ẹgbẹ́ iwin.

8. Ìlànà mẹ́ta fún ẹni tí yóò ṣe géèmù

Láti inú àgbéyẹ̀wò yìí, ìlànà mẹ́ta jáde fún ẹni tí ó bá fẹ́ fi ìran Yewa ṣe géèmù.

Ìlànà kìíní ni pé kí ìbéèrè ṣáájú pańpẹ́. Kí ẹni tí ó ń ṣe géèmù tó lè ṣẹ́gun, kí ó kọ́kọ́ mọ irú ẹ̀dá tí ó wà níwájú rẹ̀, ibi tí ó ti wá, ẹni tí ó rán an, àti ohun tí ó ń fẹ́. Ìwé inú géèmù ọdún 2009 ti fi hàn pé èyí lè ṣeé ṣe láìba adùn jẹ́. Ìwé bẹ́ẹ̀ ní èdè Yorùbá, tí ó ya iwin sọ́tọ̀ sí ẹbọra, tí ó ya akúdàáyà sọ́tọ̀ sí ará ọ̀run, yóò kọ́ ọmọ ní èdè rẹ̀ láìjẹ́ pé ó jókòó sí kíláàsì.

Ìlànà kejì kan ọ̀wọ̀. Kí a má ṣe géèmù tí a ti ń ṣí eégún lójú tàbí tí a ti ń yìnbọn lu Gẹ̀lẹ̀dé. Kí a má sì tún ṣe ohun tí àwọn ìjòyè Ìgbòho ṣe: abuké, àfín àti arọ kì í ṣe àwòrán iwin. Bí a bá fẹ́ sọ ìtàn Ọba Mọ́rọ̀ nínú géèmù, ọ̀nà kan wà tí ó dára: kí ẹni tí ó ń ṣe é jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí a rán, kí ó sì pinnu ohun tí yóò ṣe nígbà tí ọdẹ bá dé. Kí a sì bèèrè àyè lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ìbòjú, kí a dárúkọ agbẹ́gilére tí a lo iṣẹ́ rẹ̀. Orílẹ̀-èdè mẹ́ta ni UNESCO kọ Gẹ̀lẹ̀dé sí lórúkọ. Ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo kò lè sọ ọ́ di tirẹ̀.

Ìlànà kẹta ni pé kí ìtùlójú jẹ́ ọ̀nà ìṣẹ́gun. Nínú géèmù ọdún 2022, títu ẹni tí ẹ̀rù bà nínú jẹ́ iṣẹ́ tí a ń ṣe kí pańpẹ́ lè ráyè ṣiṣẹ́. Nínú géèmù ti Yewa, iwin fúnra rẹ̀ ni ó yẹ kí a lè tù, pẹ̀lú orin, ijó, ẹ̀fẹ̀ tàbí àtúnṣe ohun tí ẹnì kan ní ìlú bàjẹ́. Nígbà tí iwin bá lọ, kí ó lọ nítorí pé ohun tí ó mú un wá ti yanjú.

Ẹnì kan lè sọ pé ìwọ̀nyí yóò sọ géèmù di ẹ̀kọ́, nítorí pé adùn Ghostbusters wà nínú ariwo pańpẹ́ àti bí iwin ṣe ń jà fitafita lórí rẹ̀. Ìdáhùn náà wà nínú àsè Ọba Mọ́rọ̀. Kò sí ibi tí ó pani lẹ́rìn-ín nínú ìtàn náà tó ìgbà tí ìjòyè gbé ojú sókè, tí ó sì rí “ọ̀rọ̀” tirẹ̀ tí ó gbé igbá ọtí lọ́wọ́. Ìdámọ̀ ni ó bí ẹ̀rín náà.

9. Àgbálọgbábọ̀

Géèmù Ghostbusters bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iwin tí ó jẹ́ ọjà, ó dé orí iwin tí a ń kà bí ìwé, ó sì dé orí iwin tí ènìyàn lè dà. Ìtàn Ọ̀yọ́ àti ìran Yewa ti ní gbogbo èyí, wọ́n sì ní ohun kan tí ó ṣì kù fún géèmù náà: ìbéèrè nípa ẹni tí ó rán iwin. Ìbéèrè yìí ni ó gbé ìjòyè kalẹ̀ níwájú ẹni tí ó rán. Òun ni Ẹ̀fẹ̀ ń bèèrè ní ọjà ní òru. Òun ni ó ń lé akúdàáyà kúrò láìsí ìjà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Ìlaró kò ní láti rìn jìnnà kí wọ́n tó rí i. Ó wà ní ojúde àwọn àgbà tí ó ń kọ́ wọn ní ìwà. Bí wọn kò bá bèèrè rẹ̀, àpótí New York ni àwọn ọmọ wọn yóò máa kó ará ọ̀run sí.